Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé sórí òkè, ẹ̀yin ni mò ń bá wí

Gọ́tà tí à ń tìtorí ẹ̀ bú ìjọba ní Adó-Èkìtì yìí, àwa gan-an là ń da omi kún un. Ìdọ̀tí kọ́ ni mò ń wí lónìí. Omi orí páànù wa ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òjò mìlímítà kan lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Ilé tí kì í ṣe ilé olówó rárá lè ní òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 10 níbùú, mítà 12 lóròó. Bí òjò ńlá kan bá wá gbé mìlímítà 50 wá, nǹkan bíi lítà 6,000 ló ti orí ilé kan ṣoṣo dà sílẹ̀. Ẹ wá ka iye ilé tó wà láti Òkèṣà títí dé etí odò Ajílósùn. Ilẹ̀ Èkìtì sì rèé, òkè àti àpáta, omi kì í pẹ́ dé ìsàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àgbàlá máa ń mu díẹ̀ níbẹ̀. Ní báyìí a ti da sìmẹ́ǹtì bò ó nítorí pé a ò fẹ́ ẹrẹ̀ lára bàtà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń kó ẹrẹ̀ ọ̀hún nínú pálọ̀ wọn.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹni tó kọ́lé sétí odò la máa ń pa òwe yìí fún. Onílé orí òkè ni èmi fẹ́ pa á fún.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti ní tánkì tó ń gba omi òjò. Mo mọ̀. Ta ni ò gbé bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rí nílẹ̀ yìí? Ibi tó ti wọ́ ni pé inú wa máa ń dùn tí tánkì bá kún, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tánkì tó kún látàná ò wúlò kankan fún òjò òní. Kí ojú ọ̀run tó ṣú, ó yẹ kí àyè ti wà nínú ẹ̀.

Ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà fi ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan sí àárín tánkì, kí ẹ ṣí i díẹ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò, kó máa ro sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìdajì tó wà nísàlẹ̀, ẹ fi fọṣọ, ẹ fi ṣan ilé ìyàgbẹ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu tánkì nítorí ẹ̀fọn. Òjò àkọ́rọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Eruku àti ìgbẹ́ alángbá ló ń fọ̀ bọ̀ lórí páànù.

Tánkì lítà 1,000 ò ní gba gbogbo 6,000 yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí ẹ̀bi mẹ̀kúnnù tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òrùlé ńláńlá lojú mi wà lára wọn. Ní Tokyo, gbọ̀ngàn Kokugikan tí wọ́n ti ń ja ìjàkadì sumo, tí wọ́n ṣí ní 1985, ní tánkì lábẹ́ ilẹ̀ tó lè gba mílíọ̀nù lítà kan omi òjò. Omi yẹn ni wọ́n fi ń ṣan ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀. Ní Tamil Nadu ní Íńdíà, láti 2003 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ilé máa gba omi òjò tirẹ̀. Tiwa ńkọ́? Àwọn tó ń buwọ́ lu pílánù ilé lè bèèrè ibi tí omi òrùlé máa gbà, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ wo bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe fẹ̀ tó, kẹ́ ẹ bi ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ léèrè ilé ta ni omi ẹ̀ ń dà sí.