Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gba Windows 11 Kì Í Ṣe Pàǹtí

Wọ́n ń sọ káàkiri pé, níwọ̀n bí àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gba Windows 11 jù ú nù, àti pé ayédèrú ni Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni ti ọjọ́ náà. Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tó sábà máa ń fa ìdíwọ́ ni pé kọ̀ǹpútà náà kò ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà), tàbí pé processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí. Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux, kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì: RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 2 GB àti àyè 20 GB nínú hard disk ni ó kéré jù tí ó ń fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RAM 4 GB ni yóò tu yín lára. Ìwé àṣẹ GPL, èyí tí wọ́n fi ń pín Linux, sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti lo Linux, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì pín in, nítorí náà kì í ṣe ayédèrú.

Ẹ lè gbé Mint sórí flash, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́, láìtíì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú hard disk yín. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín síbòmíràn, nítorí pé fífi í rọ́pò Windows yóò pa wọ́n rẹ́. Bí hard disk náà bá jẹ́ èyí tí ń yí, ẹ fi SSD (irú èyí tí kò ní ohun tí ń yí nínú) rọ́pò rẹ̀. Mo gbà pé kò sí owó tó wúlò jù ìyẹn lọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, yóò ṣí ìwé Word yín, ṣùgbọ́n Photoshop, ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, kò ní ẹ̀dà ti Linux, kí ẹni tó ń fi í jẹun mọ̀ bẹ́ẹ̀.