Ẹni A Bá Lábà ni Baba

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí ìsìn ṣe parí, ìyá Àgànyìn tó máa ń gbé ẹ̀wà kọjá lẹ́nu géètì ìjọ wa ní Mùṣín sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń bu ẹ̀wà fún ọmọ kan. Arákùnrin kan fẹ́ wa ọkọ̀ jáde, ó ní kó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun da ata sí i fún ọmọ náà tán. Ni arákùnrin wa bá ké mọ́ ọn: "Ẹni a bá lábà ni baba! Ẹ ti Tógò wá, ẹ tún fẹ́ máa pàṣẹ fún wa?" Obìnrin náà ò fèsì. Ó fi àkísà nu etí ìkòkò ata rẹ̀, ó ká òṣùká sórí, ó gbẹ́rù, ó bá tirẹ̀ lọ. Òróró ata kán tótótó sílẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ojú títì.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òwe tí arákùnrin wa pa, òwe àwọn baba wa ni, òótọ́ sì ni. Ibi tó lò ó sí ló ń dùn mí.

Àlejò tó dé àbà kì í wọlé láìkágò. Ó gbọ́dọ̀ kí onílé, kó sọ ibi tó ti ń bọ̀, kó má fọwọ́ kan iṣu tí kò gbìn. Bí wọ́n bá ní ìdí pèrègún yìí ni ilẹ̀ àwọn parí sí, kò gbọdọ̀ hú pèrègún. Bíbélì fara mọ́ èyí. Diutarónómì 27 fi ẹni tó bá yẹ ààlà ẹnìkejì rẹ̀ gégùn-ún. Pọ́ọ̀lù náà sì sọ fún àwọn ará Áténì, nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 17, pé Ọlọ́run tó dá gbogbo orílẹ̀-èdè láti ara ẹnì kan ṣoṣo ló pinnu ààlà ibùgbé wọn. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tó ń sọ pé Kristẹni ò gbọdọ̀ gbà pé ó yẹ kí bọ́dà wà. Ìlú tí kò ní ẹnubodè, ibẹ̀ ni ìbọn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó ọmọdébìnrin lọ tà ń gbà kọjá. Ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò ní Sẹ̀mẹ̀ kò ṣẹ Ọlọ́run.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlà tí ọmọ aráyé fà ni Ọlọ́run fà. Lọ́dún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé láti pín ilẹ̀ wa. Kétu àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Èkó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Kétu. Títí dòní, ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ wa níbí ni ilé baba rẹ̀, Kétu lódìkejì bodè ni ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wa ti bodè orí ilẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, nítorí ìrẹsì àti epo fàyàwọ́, irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ jìyà rẹ̀.

Ẹ wá fetí sí òwe náà dáadáa. Kò sọ pé ẹni a bá lábà ni ọ̀gá. Kò sọ pé òun ni ọlọ́pàá. Baba ló pè é. Ẹni tó bá ti sùn lábà rí mọ ohun tí baba ń ṣe bí àlejò bá dé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Á ní kí wọ́n bu omi fún un, kí wọ́n ki iṣu bọ iná. Á fi ibi tí wọ́n dẹ pàkúté sí hàn án, kó má baà rìn kó sí i lóru. Ó di àárọ̀ kí wọ́n tó bi í bóyá ó ń kọjá lọ ni, àbí ilẹ̀ ló ń wá tí yóò fi dáko. Baba lè sọ pé kò sí àyè. Àmọ́ baba kì í lé èèyàn sínú òkùnkùn, kì í sì í gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀ kó tó lé e. Nínú òwe yẹn, ẹrù onílé wúwo ju ti àlejò lọ.

Ábúráhámù ni mo máa ń rántí, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òwe yìí pé sára ọkùnrin yẹn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 18, ó jókòó lẹ́nu àgọ́ rẹ̀ ní Mámúrè nígbà tí oòrùn ń mú, ó rí ọkùnrin mẹ́ta, ó sáré lọ pàdé wọn. Ó ní kí wọ́n bomi wẹsẹ̀, ó ní kí Sárà po ìyẹ̀fun, òun fúnra rẹ̀ lọ mú ọmọ màlúù tó dára. Ẹ ṣí i dé orí 23. Sárà ti kú. Ẹni tí Ọlọ́run ti ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ náà fún ló dìde níwájú àwọn ọmọ Hétì, tó tẹrí ba, tó ní àlejò àti àtìpó lòun láàárín wọn, kí wọ́n ta ilẹ̀ ìsìnkú fún òun. Onílẹ̀ ní kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀. Ó wọn 400 ṣékélì fàdákà fún un lójú gbogbo ìlú. Ẹni tó tẹrí ba fún onílẹ̀ yìí náà ló pa màlúù fún àlejò.

Nínú Léfítíkù 19, Ọlọ́run wá sọ fún àwọn ọmọ ọmọ Ábúráhámù pé kí wọ́n fẹ́ràn àlejò bí ara wọn, nítorí àlejò làwọn náà jẹ́ rí ní Íjíbítì. Kò ní torí pé àlejò náà mọṣẹ́, tàbí pé ó wúlò fún wọn. Ohun tí ojú àwọn fúnra wọn ti rí ló fi pàṣẹ fún wọn.

Àwa ńkọ́, kí lojú wa ò rí? Ìjọ wo ló wà l'Ékòó tí wọn kì í gbàdúrà físà? A máa ń gbé pásípọ́ọ̀tì sókè nínú ìṣọ́ òru. Tó bá di ìdájí, àwọn ọmọ wa á ti tò sí Walter Carrington Crescent ní Victoria Island, níbi tí ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà wà, fáìlì ń bẹ lábíyá wọn. Bí ọmọ bá pè láti Kánádà pé wọ́n ń wo òun tìkà-tẹ̀gbin níbi iṣẹ́, a ó fi omijé gbààwẹ̀. Ọmọ Kútọnu tó ń fọ abọ́ nílé wa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀ yín, ẹ san owó oṣù rẹ̀. Ẹ má gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ pamọ́. Òun náà ní ìyá tó ń gbàdúrà.

Baba mi mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Aránṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Kùmásì ló sì ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá irú wọn ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àlejò tí kò bá níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Baba mi ò níwèé. Kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síkàáwọ́ obìnrin Àṣáńtí tó ni ilé tó ń gbé. Obìnrin yẹn dín ẹja, ó di kẹ́ńkè fún un pé kó jẹ ẹ́ lọ́nà.

Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ó kan àwa náà. Owó epo ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà. Ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Òfin wà lẹ́yìn ìjọba: àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wọn ní 90 ọjọ́ láìgba físà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti kọjá rẹ̀. Àmọ́ wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù, Gánà fúnra rẹ̀ sì ti ti bodè rẹ̀ láti 1982. Ìgbà yẹn ni báàgì tí a ń pè ní Ghana-Must-Go gba orúkọ. Ládùúgbò wa, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ pé ẹ̀san 1969 ló ké.

Lóru ọjọ́ kan, ọmọ Gánà tó máa ń tún bàtà ṣe kiri àdúgbò kanlẹ̀kùn wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàtà baba mi ló mú wá: ó ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí ẹsẹ̀ kan, kò tíì kan ìkejì. Ó ní kí wọ́n má bínú, àkókò ò tó, ìdajì owó lòun máa gbà. Baba mi fà á wọlé, ìyá mi gbé ẹ̀bà fún un. Baba mi jókòó tì í, ó ń bi í pé ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ gbà, àwọn mélòó ni wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà jẹun tán, baba mi ní kí n fa ewé kan ya nínú ìwé mi. Ó kọ orúkọ obìnrin Kùmásì yẹn àti àdúgbò rẹ̀ sí i, ó sì fi èdè Twi kọ ọ́ sábẹ́ pé kó gbé ẹ̀rọ náà fún ẹni tó mú ìwé yìí wá. Ó ní, "Bó o bá dé, tà á, kó o fi bẹ̀rẹ̀."

Owó ẹsẹ̀ méjèèjì ló san. Kò gbé bàtà yẹn fún aránbàtà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn ní gbogbo ọdún yẹn, tí àwa ọmọ á máa gbọ́ ọ bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹsẹ̀ kan á dún kọ́ lórí sìmẹ́ńtì, ìkejì ò ní dún.