Kóńgò ni òṣùwọ̀n ẹ̀tù, kì í ṣe sikéèlì

Láàárín àwa tí a ń fúnra wa ki ọta ìbọn ní Amẹ́ríkà, tí à ń da ẹ̀tù ìbọn sínú ìkarahun, tí a sì ń fi ọta dé e, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: "Mo ti sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí grain 5. Grain 5 ni yóò máa dà títí ilẹ̀ á fi ṣú." Grain jẹ́ ìwọ̀n ìwúwo kékeré kan. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rọ tí a máa ń dè mọ́ etí tábìlì, tí ike ẹ̀tù wà lórí rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì lè pa ènìyàn lára. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìwúwo rárá. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó lè fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà Bódìjà tàbí Oyíngbo rí ti mọ irú ohun tó jẹ́. Kóńgò ni. Kóńgò gàrí kan àti kóńgò ìrẹsì kan, bákan náà ni wọ́n ṣe kún, ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn lé sikéèlì, ìrẹsì ni yóò wúwo jù. Kódà gàrí kan náà, bí oníbàárà bá mi kóńgò jìgìjìgì, á fà wálẹ̀, àyè á sì ṣí fún ẹ̀kúnwọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń wo ọwọ́ onígàrí dáadáa bó ṣe ń bù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú òṣùwọ̀n ẹ̀tù ṣe rí. Irin róbótó kan wà níbẹ̀ tó ní ihò. Ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè, ẹ̀tù á já sínú ihò. Ẹ fà á wálẹ̀, ihò á dojú bolẹ̀, ẹ̀tù á já sínú ìkarahun ọta. Ìdè ara rẹ̀ tí à ń yí ló ń mú kí ihò náà jìn tàbí kó má jìn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà tó wà lára ìdè náà kì í ṣe grain. Àmì lásán ni, kí ẹ lè rántí ibi tí ẹ dá a dúró sí fún ẹ̀tù kan. Ilé iṣẹ́ Lee, tó ń ṣe irinṣẹ́ ìki-ọta, kò tilẹ̀ fi èyí pa mọ́: àwọn abọ́ kéékèèké tí wọ́n ń tà fún bíbu ẹ̀tù, 15 nínú páálí kan, cc, ìyẹn ìwọ̀n ìkún (àyè tí nǹkan gbà), ni wọ́n kọ sára wọn, láti 0.3 títí dé 4.3. Ìwé tó bá wọn wá ló ń sọ iye grain tí abọ́ kọ̀ọ̀kan máa bù, iye náà sì ń yí padà láti orúkọ ẹ̀tù kan sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ grain yẹn fúnra rẹ̀ ti ṣi àwọn kan lọ́nà. Wọ́n rò pé hóró ẹ̀tù ni. Ìwúwo ni. 7,000 grain ló wà nínú pọ́ùn kan, ẹyọ kan kò sì tó mílígírámù 65. Iye tí ìwé ìlànà Lyman tàbí ti Hodgdon, tí àwa tó ń ki ọta ń tẹ̀ lé, bá kọ fún ọta kan, ìwúwo ni wọ́n kọ, wọn ò kọ ìkún.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Ẹ̀tù dúdú, èyí tí àwọn ọdẹ wa ń kì sínú ṣakabùlà, ìkún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ní 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti dúdú. Àtìgbà náà ni ìwọ̀nba díẹ̀ tó dín tàbí tó lé ti di ọ̀ràn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bu ẹ̀tù aláìléèéfín sínú ìbọn ẹ̀tù dúdú. Ìbọn náà á fọ́ mọ́ ọn lójú.)

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú gáréèjì mi ní Texas, mo fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo da oríṣi ẹ̀tù méjì, ìgbà ogún-ogún, mo sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ rí róbótó, ó kéré ju ọkà bàbà lọ. Ó ń ṣàn bí omi, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìdámẹ́wàá grain lọ. Èkejì rí gbọọrọ bí igi ìṣáná tí a gé wẹ́wẹ́. Bí mo ṣe ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ ni mo ń gbọ́ "kẹ̀rẹ̀kẹ̀", etí irin ń gé igi ẹ̀tù sí méjì. Nígbà mìíràn wọ́n dábùú ara wọn lẹ́nu ihò, èyí tó bọ́ sílẹ̀ dín. Èyí tó tẹ̀ lé e sì lé. N kò fọwọ́ kan ìdè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìrísí ẹ̀tù nìkan kọ́. Bí ẹ̀tù inú ike bá ń lọ sílẹ̀, ohun tó ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ dín kù. Bí ẹ bá gbá ọwọ́ ẹ̀rọ pàá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ rọra fà á nígbà kejì, ẹ ti mi kóńgò lọ́nà méjì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ike máa kún ju ìlàjì lọ, kí ọwọ́ yín máa lọ bákan náà, kí ẹ sì da bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́ padà sínú ike kó lè fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń da mẹ́wàá pọ̀ sórí sikéèlì, wọ́n á pín in sí mẹ́wàá. Ó dára fún títún ìdè ṣe, àmọ́ ó ń fi ìyàtọ̀ pa mọ́: èyí tó lé ti bo èyí tó dín láṣìírí. Ẹ tún máa wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má rò pé mo ń bú kóńgò o. Àwọn tó ń fi ìbọn díje lórí tábìlì ní yáàdì 100 àti 200, tí ihò ọta wọn lára àmì tí wọ́n ń yìn ń wọnú ara wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi òṣùwọ̀n da ẹ̀tù láì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ẹ̀tù wọn, wọ́n mọ ọwọ́ wọn. Fún ẹni tó bá fẹ́ ra òṣùwọ̀n, owó ńlá kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ihò kékeré fún ọta ìbọn àtọwọ́, ihò ńlá fún ti ìbọn gígùn. Òṣùwọ̀n Uniflow ti ilé iṣẹ́ RCBS ní méjèèjì. Bí ẹ̀tù yín bá gùn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dà á kó dín díẹ̀, kí ẹ wá máa sẹ́ ìyókù hóró-hóró sórí sikéèlì.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń ki ọta fún ìlò ara rẹ̀ láì tà á. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nílé má gbìyànjú ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni .38 Special, irú ọta ìbọn àtọwọ́ kan. Ayé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ti ṣe ìkarahun rẹ̀, àyè inú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀tù òde òní tí à ń bù sínú rẹ̀ kì í sì í sábà kún ìdajì. Ẹ lè da ẹ̀tù sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má kún dẹ́nu. Bí ẹ bá gbàgbé láti dà á rárá, ọta á há sínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó bá tẹ̀ lé e ló máa fọ́ ọ. Kó tó di pé mo fi ọta dé ọ̀kankan, mo máa ń to àádọ́ta sínú igi onihò, mo á tan tọ́ọ̀ṣì sókè wọn, mo á wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀tù inú ọ̀kan ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Mo wo ìdè ara òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà rẹ̀ kò kúrò níbi tí mo fi í sí.