Awọ ńlá kọ́ ni ìwé ńlá

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ra ìwé ìtàn àtijọ́ kan tó fẹ́ràn gan-an, ó wá ń bi wá pé nínú ìtẹ̀jáde mẹ́ta tóun rí, èwo ni kóun mú. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹnì kan fi já a lù: "Ti aláwọ, èyí tí wọ́n fi awọ ẹran dì, ni kó o rà jàre! Aláwọ ló máa dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ. Aṣọ lásán ni wọ́n fi di àwọn tó kù." Ni gbogbo wọn bá ń mi orí bí alángbá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn tó ń tà á ń sọ ọ́, àwọn tó ń kó o jọ ń sọ ọ́, èmi alára ti sọ ọ́ rí kí ojú mi tó là.

Awọ wo gan-an la tiẹ̀ ń sọ? Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń pè ní aláwọ lónìí, bonded leather ni. Àjákù awọ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù àti rọ́bà oníkẹ́míkà, tí wọ́n tẹ́ sórí bébà tàbí aṣọ, kí wọ́n tó wá fi irin tẹ ojú awọ sí i lára. Kò sí ewúrẹ́ tó gbé irú rẹ̀ rìn rí. Ẹni tó ra ìyẹn, àwọ̀ ló rà, kò ra awọ. Mo ra ọ̀kan rí, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Kò tó ọdún mẹ́fà tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń bó bí ejò tó fẹ́ pààrọ̀ ara, bẹ́ẹ̀ mi ò kà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìwé tí wọ́n fi aṣọ dì, tó dàgbà ju bàbá mi lọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ kan náà, nǹkan kan ò ṣe é.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: "Awọ gidi ni tèmi." Ó dáa. Awọ gidi gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́dún 1843, wọ́n ní kí Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, bá wọn wo ohun tó ń ba awọ ìwé jẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ Athenaeum ní Lọ́ńdọ̀nù. Awọ gidi ni gbogbo wọn o, owó ńlá ni wọ́n fi dì wọ́n. Faraday fura sí àtùpà onígáàsì tó ń tàn nínú ilé náà, torí imí ọjọ́ (sulphur) tó wà nínú èéfín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1900, ìwé aláwọ ti ń bàjẹ́ débi pé ẹgbẹ́ Society of Arts gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ torí awọ ìdìwé nìkan. Àbọ̀ wọn jáde lọ́dún 1901. Wọ́n rí i pé awọ tí wọ́n fi dìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò lágbára tó ti àwọn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkánjú ló fà á. Wọ́n ń fi ásíìdì sínú aró kí àwọ̀ lè mú dáadáa, wọ́n ń fá awọ títí á fi fẹ́lẹ́, èèpo igi tó sì yá lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi rẹ ẹ́, bó bá àwọn awọ náà lára mu, bí kò bá a mu.

Àbájáde rẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú ìwé ń pè ní red rot. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ á wọ inú awọ, á di ásíìdì níbẹ̀, awọ á wá máa rún di ìyẹ̀fun pupa bí osùn. Mo gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́rin mọ́ àyà rí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ náà á rò pé mo fi osùn para ni. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kò ní àtúnṣe. Wọ́n lè fi oògùn dè é kó má rún mọ́, ṣùgbọ́n awọ tó ti kú ti kú.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó máa fi òróró pa á. Àwọn ilé ìkàwé ńlá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i pé ṣe ni awọ ń dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń kó eruku jọ. Mo ti dán ìyẹn náà wò. Ìwé méjì lẹ̀ pọ̀ lórí pẹpẹ mi.

Wọ́n á ní, àwọn ìwé àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ tó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún wá ń kọ́? Èyí tó kù là ń rí. Ta ló ń ka èyí tó ti jẹrà? Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, okùn líle ni wọ́n fi rán an, pákó ni páálí rẹ̀, tákàdá tí wọ́n fi àkísà aṣọ ṣe ló sì wà nínú.

Mo gbà, awọ ewúrẹ́ tó dára lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè sin èmi àti ẹ̀yin. (Èyí tí Òyìnbó ń pè ní morocco, ilẹ̀ Hausa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń gba aṣálẹ̀ kọjá. Àwọn tó tà á fún wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.) Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń tà fún yín.

Okùn àti bébà ló ń gbé ìwé ró. Ẹ gbé ìwé náà dúró, kí ẹ wo orí rẹ̀ níbi tí ojú ìwé ti pàdé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí i pé ìdìpọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣẹ́ po ni, tí okùn sì hàn láàárín ìdìpọ̀ kan bí ẹ bá ṣí i, wọ́n rán an nìyẹn. Bó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù nìkan ló so ó pọ̀, awọ kankan ò sì lè gbà á lọ́jọ́ tí gọ́ọ̀mù náà bá gbẹ.

Tí a bá wá fi èyí wọn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde tí wọ́n ń pariwo, Easton Press ti Connecticut ní Amẹ́ríkà ń rán ìwé wọn, wọ́n sì ń fi wúrà kárátì 22 sí i lára, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn gegele tó yọ lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ẹ ń fi ọwọ́ pa bí ẹni ń pa ológbò lára, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Láyé àtijọ́, okùn tí wọ́n rán ìwé mọ́ ló máa ń yọ bẹ́ẹ̀. Franklin Library, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973 tó sì kógbá sílé lọ́dún 2000, ṣe oríṣi mẹ́ta: èyí tó jẹ́ awọ látòkè délẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni awọ wà, àti ayédèrú awọ pátápátá. Ẹ lọ wo bí àwọn tó ń tún un tà ṣe ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "aláwọ". Folio Society ti Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1947, sì rèé, aṣọ ni wọ́n fi ń di ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé wọn, wọ́n á kì í bọ inú àpótí páálí. Ti wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Gbogbo èyí ni mo tò sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, mo tiẹ̀ ya àwòrán orí ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Ó dúpẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra aláwọ, ó ní ó bá àga pálọ̀ òun mu.