Ìwà Mi Ni, Ẹ Má Bá Mi Wí

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì òde òní léèrè ìdí tí àwo ọjọ́ mẹ́ta fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni yóò fi dá yín lóhùn. “INTP ni mí, mà.” Ọ̀kan nìyẹn lára irú èèyàn 16 tí ìdánwò ìwà orí fóònù máa ń pín èèyàn sí, lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin sì lorúkọ wọn. Àwọn INTP kì í ráyè fọ àwo, ìrònú niṣẹ́ wọn. INFJ tó wà ní yàrá kejì kì í dé pápá ìṣeré, nítorí ariwo èèyàn kì í bá a lára mu. Ẹni kẹta ní ẹni òru ni Olódùmarè dá òun, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ oorun.

Fóònù ló yẹ̀ wọ́n wò tó sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Myers, ni ìpìlẹ̀ irú èèyàn 16 ọ̀hún. Àwọn méjèèjì ò kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá àgbà agboolé wa náà ò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í ní kí ọmọ má wẹ̀ torí pé ìwà rẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ẹni òru wa lọ́jọ́ TDB, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń kàwé mọ́jú. Aago 11 alẹ́ ló wọ kíláàsì, tòun ti búrẹ́dì, aṣọ ìbora àti agolo energy drink. Ó ya fọ́tò ìwé, ó gbé e sórí WhatsApp: “Àwa tí a kì í sùn.” Ó gbé agolo mu tán. Ojú rẹ̀ là kedere lóòótọ́, àmọ́ TikTok ló ń wò. Aago 4 ìdájí, ojú ewé kẹta ló ṣì wà. Ó sáré wọ họ́ọ̀lù láti na ẹ̀yìn, oorun ò wá: ó máa ń tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì káfíìnì, èròjà inú agolo yẹn tó ń lé oorun lọ, tó kúrò lára èèyàn. Kíláàsì aago 8, níwájú olùkọ́, loorun tó bá a.

Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní ìwà kan tí wọ́n sábà máa ń bá lára ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀: kéèyàn máa ṣe nǹkan létòlétò, kó sì ṣe ohun tó ní òun á ṣe. Mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìyẹn sórí WhatsApp.

Lẹ́tà náà sì máa ń yí padà béèyàn bá tún ìdánwò ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jẹun àárọ̀ tún tirẹ̀ ṣe, ó di ENFP. Inú mi dùn, mo ní yóò máa jẹun wàyí. Ó ní, “Mà, ENFP kì í dá oúnjẹ jẹ. Owó ẹni méjì ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.”