Àtúnṣe: Ṣé ẹni tí kò mọ òjò ọ̀sẹ̀ méjì kò lè mọ ti ọdún 2070?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp: "Àwọn tí kò lè sọ bóyá òjò á rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n ń sọ bí ayé á ṣe gbóná tó ní 2070. Irọ́ ni!" Ó dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé omi kaná. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi pàtó tí omi á ti kọ́kọ́ ru nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá koná mọ́ ọn, á tètè hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọjọ́ rí. Ní 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ tún ìṣirò ojú ọjọ́ kan ṣe, ó tẹ 0.506 sínú kọ̀ǹpútà dípò 0.506127. Ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ìdí nìyẹn tí ti ọ̀sẹ̀ méjì fi ṣòro. Ti ọdún gbọọrọ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Iye ooru oòrùn tó ń wọlé àti èyí tí carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń jáde bí a bá ń jó epo, kò jẹ́ kó jáde ló ṣe kókó.

Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Met Office, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan náà, Unified Model, fún iṣẹ́ méjèèjì, ti òjò ọ̀la àti ti ọdún gbọọrọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìṣirò ìkùukùu rẹ̀, òjò ọ̀la lè tú u fó kí ilẹ̀ tó ṣú.