Igbó lásán kọ́, oko kòkó ni
Ẹni tó kọ ọ́ pé "igbó lásán" ni ilẹ̀ tí adágún omi tí wọ́n fẹ́ ṣe sí odò Ọ̀wẹnà máa bò kò débẹ̀ rí. Oko kòkó ni! Lẹ́bàá Ọ̀wẹnà níbẹ̀ ni ìyá mi ti ń fọ́ kòkó, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi ń bò ó kó lè kan. Kòkó tí a bá sì gbìn lónìí, ó tó ọdún 3 sí 5 kó tó so. Kí la ó máa jẹ títí dìgbà náà?

Ìwọ tó o ní ká gbàgbé igi, ká ṣáà rómi rin oko, mo gbọ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ń pa ẹ̀fọ́ wa lóòótọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá gé igi etí odò tán, òjò á gbá yanrìn wọnú adágún, omi ò ní ríbi dúró sí. Kí wọ́n ka igi kòkó wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sanwó rẹ̀ kí katapílà tó wọlé.